Sìmẹ́ńtì wo ni kí a fi lẹ kíráùn? Ìfiwéra lórí jíjò

Ìyá kan gbé kíráùn wọn, ìyẹn adé tí a fi ń bo eyín, wá bá mi nínú tíṣù. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lórí eyín wọn kan nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, àgbàdo sísun ni wọ́n ń jẹ tó fi bọ́. Kíráùn náà ò lẹ́bi kankan: tánganran rẹ̀ ń dán, kò sán, kò fọ́. Kùkùté eyín tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló mú mi mí kanlẹ̀. Ó ti dúdú, ó ti rọ̀ bí iṣu tó jẹrà, irin ọwọ́ mi ń wọnú rẹ̀ láìlo agbára. Ìyá náà ní, "Dókítà, kò dùn mí rí o." Òótọ́ ni wọ́n sọ, torí wọ́n ti ṣe rúùtù kánà eyín náà tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti yọ iṣan inú rẹ̀, kò sí iṣan tó máa ké. Itọ́ ti ń gba etí kíráùn wọlé láti ìgbà yìí wá, kòkòrò ń bá a wọlé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́.

Ohun tí àwa oníṣègùn eyín ń pè ní jíjò nìyẹn. Kíráùn kì í jò bí òrùlé páànù tí omi ń kán tó tó tó kí gbogbo ilé tó gbọ́. Ojú ibi tí etí rẹ̀ ti pàdé eyín ló ń là, itọ́ á máa fà wọlé díẹ̀díẹ̀ bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà, kòkòrò àti ásíìdì á tẹ̀ lé e. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Sìmẹ́ńtì la fi ń dí ẹnu ògiri náà, oríṣi rẹ̀ sì pọ̀ lórí pẹpẹ.

Ẹni tó fẹ́ dé kíráùn ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin àbúrò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín, tí àwọn tó ń tajà ń sọ fún pé resin, ìyẹn sìmẹ́ńtì oní-pílásítíìkì, ló borí gbogbo wọn. Kí n ti sọ èrò mi kí n tó wọ àlàyé: sìmẹ́ńtì tó ń lẹ̀ jù lọ nínú ìwé lè di èyí tó ń jò jù lọ nínú ẹnu tí kò ṣeé gbẹ. Ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo pẹpẹ.

Àlàfo tí ojú ò rí

Kò sí kíráùn tó bá eyín mu délẹ̀délẹ̀. Àlàfo kan máa ń wà láàrin etí rẹ̀ àti eyín, maikirómítà la fi ń wọ̀n ọ́n; 1000 maikirómítà ló wà nínú mílímítà kan. Ní ọdún 1971, McLean àti von Fraunhofer tẹ ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi 120 maikirómítà ṣe òpin àlàfo tí a lè fara mọ́. Iye yẹn la ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Kòkòrò tó ń jẹ eyín, ní tirẹ̀, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi maikirómítà kan lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nínú àlàfo 120, ọgọ́rùn-ún wọn lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí àyè ṣì ṣẹ́ kù.

Sìmẹ́ńtì tó bá nípọn kò ní jẹ́ kí kíráùn jókòó dé ìsàlẹ̀. Etí rẹ̀ á gbé sókè, ọwọ́ ara wa la ó sì fi dá àlàfo tuntun sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ISO, àjọ àgbáyé tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, fi ní kí sìmẹ́ńtì olómi tí a fi ń lẹ kíráùn má nípọn ju 25 maikirómítà lọ. Ìdí kan náà ni mi ò fi ń rọ sìmẹ́ńtì kún inú kíráùn bí ẹni rọ ẹ̀kọ sínú ife. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ògiri inú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ti tó.

Sìmẹ́ńtì kọ́ la fi ń tún kíráùn tí kò bá eyín mu ṣe o. Bí etí kíráùn bá há irin ìyẹ̀wò mi lẹ́nu kí n tó lẹ̀ ẹ́, lábù ni yóò padà sí, bó ti wù kí aláìsàn ti dúró pẹ́ tó. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti tún ọjọ́ dá fún ẹni tó wọkọ̀ láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn. Síbẹ̀, kò sí sìmẹ́ńtì tó máa bá wa bo àṣìṣe yẹn mọ́lẹ̀.

Ohun tí ìdánwò aláwọ̀ ń sọ àti ohun tí kò sọ

Ìdánwò kan náà lẹ máa bá nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó ń fi sìmẹ́ńtì wéra. Wọ́n á mú eyín tí wọ́n ti yọ, wọ́n á dé e ní kíráùn, wọ́n á máa rì í bọ omi 5°C, wọ́n á tún rì í bọ omi 55°C, lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni tó mu omi yìnyín tán tó tún gbé ẹ̀kọ gbígbóná. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó o sínú àwọ̀, bíi methylene blue tàbí silver nitrate, wọ́n á la eyín sí méjì, wọ́n á wọn ibi tí àwọ̀ wọ̀ dé. Nínú àwọn oríṣi sìmẹ́ńtì tí mo máa ṣàlàyé níwájú, ètò tó sábà máa ń jáde ni pé zinc phosphate ló ń jò jù, glass ionomer wà láàrin, àwọn oní-resin ló ń dí jù.

Ẹ má tíì sáré ra resin. Èérún silver nitrate kéré jìnnà sí kòkòrò, nítorí náà ibi tó wọ̀ kì í ṣe ibi tí kòkòrò gbọ́dọ̀ wọ̀. Eyín orí tábìlì ò ní itọ́, erìgì rẹ̀ ò ṣẹ̀jẹ̀, kò sí ahọ́n tó ń ti òwú dànù. Zinc phosphate tó ń ṣe ìkẹyìn nínú ìdánwò yìí ni wọ́n ti ń lò láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kíráùn wúrà tí wọ́n fi lẹ̀ sì ń pé ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, lẹ́nu èèyàn. Ohun tí ìdánwò aláwọ̀ ń sọ fún wa ni bí sìmẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan ṣe ń dí nígbà tí gbogbo nǹkan bá gbẹ, tí ọwọ́ ò sì kánjú. Mélòó nínú àwọn ẹnu tí a ń wò lójúmọ́ ló rí bẹ́ẹ̀?

Zinc phosphate lẹ́gbẹ̀ẹ́ glass ionomer

Zinc phosphate kì í lẹ̀ mọ́ eyín rárá. Ńṣe ló ń wọnú àwọn ibi gbágungbàgun kéékèèké lára eyín àti nínú kíráùn, á le síbẹ̀, á sì há àwọn méjèèjì papọ̀. Ìyẹn ni kùkùté fi gbọ́dọ̀ ga dáadáa, bíi mílímítà 4 fún eyín ńlá ẹ̀yìn, kí ògiri rẹ̀ má sì dẹ̀gbẹ́ púpọ̀. Nítorí pé kò lẹ̀ mọ́ eyín, ọ̀nà tóóró kan máa ń ṣẹ́ kù fún itọ́, ásíìdì ẹnu náà sì lè máa yọ́ ọ níbi tó bá ti hàn síta. Ó tún máa ń ta eyín tó ṣì ní iṣan, torí pH rẹ̀ sún mọ́ 2 nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ó, ìyẹn ni pé ásíìdì rẹ̀ le gan-an. Ó di ọjọ́ kejì kí ásíìdì náà tó rọlẹ̀ tán. Àǹfààní rẹ̀ ni pé owó rẹ̀ ò wọ́n, ó ń hàn kedere nínú X-ray, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù létí erìgì ń fọ́ kúrò wẹ́rẹ́ tó bá ti le tán.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí pípò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa ti ń dá sí ọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ń da ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ omi lórí gíláàsì tó tutù, a ń tẹ́ ẹ káàkiri kí ooru rẹ̀ lè jáde. Bí a bá da gbogbo ìyẹ̀fun sí i lẹ́ẹ̀kan, á gbóná, á le kí kíráùn tó jókòó. Ìwé ní kí gíláàsì tutù, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé gíláàsì jáde nínú fìríìjì ní Èkó nínú oṣù keje, ẹ ó rí i tó làágùn lójú ẹsẹ̀. Omi ìlàágùn yẹn á wọnú sìmẹ́ńtì, á sì tún mú kó yára le. Kí gíláàsì tutù, kó má làágùn: ẹ nù ún, ẹ dúró, ẹ tún wò ó.

Ìgò omi rẹ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ìgò tí a ṣí sílẹ̀ nígbà ọyẹ́, omi inú rẹ̀ á fẹ́ lọ, sìmẹ́ńtì á pẹ́ kó tó le. Èyí tí a ṣí sílẹ̀ nígbà òjò á fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, á wá máa yára jù. Nọ́ọ̀sì tó bá ń dé ìgò náà padà lójú ẹsẹ̀ ń dáàbò bo eyín ju bí ó ṣe mọ̀ lọ. Bí omi inú ìgò bá ti rú, ẹ dà á nù.

Glass ionomer yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Alan Wilson àti Brian Kent ló ṣe é ní Laboratory of the Government Chemist ní Lọ́ńdọ̀nù ní òpin àwọn ọdún 1960. Òun fúnra rẹ̀ ló ń di kálísíọ́ọ̀mù inú eyín mú, kò nílò gọ́ọ̀mù mìíràn láàrin. Bí ó ṣe ń fẹ̀ tí ooru bá mú un, tó ń sún kì tí òtútù bá mú un, sún mọ́ bí eyín ṣe ń ṣe, nítorí náà tíì gbígbóná àti omi yìnyín kì í fà á ya kúrò lára eyín bọ̀rọ̀. Ó tún ń tú fluoride sílẹ̀, púpọ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó ń dín kù. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbójú lé fluoride yẹn kó má fọ eyín rẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Bí itọ́ bá kàn án kó tó le, ojú rẹ̀ á ṣàn lọ. Bí ó bá gbẹ jù, á sán. Àjẹkù tó bá tú jáde létí kíráùn, ẹ fi sílẹ̀ títí á fi le, òun ló ń ṣe ìbòrí fún èyí tó wà lábẹ́. Ọ̀pọ̀ jíjò tí wọ́n ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru glass ionomer, ìkánjú ẹni tó ń nu ún ló fà á. Ẹ má sì fẹ́ atẹ́gùn sí kùkùté títí á fi funfun bí ẹfun. Kó máa dán díẹ̀ ló yẹ, bí ewé tí ìrì kàn.

Nínú àwọn méjèèjì, fún kíráùn onírin tàbí irin tí wọ́n fi tánganran bò, lórí kùkùté tó ga, glass ionomer ni mo máa yàn. Mo ṣì ń tọ́jú zinc phosphate fún bíríìjì gígùn, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tó so pọ̀ mọ́ra, tí mo nílò àkókò láti fi gbé e jókòó, nítorí gíláàsì tútù lè bá mi fà á gùn.

Ẹ ó tún rí polycarboxylate, tí Dennis Smith gbé jáde ní Manchester ní ọdún 1968. Òun ló kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ eyín gan-an, kì í sì í ta iṣan. Ó rọ̀ ju àwọn ìyókù lọ, ó sì ń fà bí okùn nígbà tó bá ń le. Ó ti pẹ́ tí mo ti lò ó kẹ́yìn.

Glass ionomer lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n pò mọ́ resin

Èyí tí wọ́n pò mọ́ resin jáde ní nǹkan bí ọdún 1990. Ó ń lẹ̀ mọ́ eyín bíi ti àkọ́kọ́, ó ń tú fluoride, ó wá lágbára sí i, itọ́ kì í sì í tètè bà á jẹ́. Nínú ìdánwò aláwọ̀, ó sábà máa ń jò kéré sí èyí tí kò ní resin. Bí ẹ bá bi mí ní sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo tí mo máa fi sílé fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, òun ni.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ohun méjì. Ó ń fa omi mu, ó sì ń wú díẹ̀. Kíráùn tánganran lásán tí kò ní irin nínú, tí kò sì lágbára, lè sán nítorí rẹ̀. Lábẹ́ irin tàbí zirconia, ìyẹn oríṣi tánganran funfun tó lágbára gan-an, ìwú náà ò ṣe nǹkan kan. Èkejì ni pé àjẹkù rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń dúró dè kó le pátápátá bíi ti glass ionomer lásán. Nígbà tó bá rí bíi rọ́bà ni kí ẹ bó o kúrò. Ẹni tó bá lọ gbé fáìlì kọ̀wé kó tó padà wá máa bá òkúta létí erìgì. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án nígbà tó bá ṣì tutù o, HEMA, èròjà resin kan tó wà nínú rẹ̀, máa ń mú ara àwọn kan yún.

Resin onípele lẹ́gbẹ̀ẹ́ resin tó ń dá lẹ̀

Ti onípele gba sùúrù: a ó fi ásíìdì há ojú eyín, a ó fọ̀ ọ́, a ó kun gọ́ọ̀mù rẹ̀, kí sìmẹ́ńtì tó dé. Bí etí kíráùn bá parí sórí enamel, ìyẹn awọ líle tó wà lókè eyín, mi ò tíì rí ohun tó ń dí tó o. Ṣùgbọ́n bí etí bá parí sí ìsàlẹ̀, lábẹ́ erìgì, níbi tí kò sí enamel mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ àti omi erìgì ń jáde, agbára rẹ̀ á di àbùkù. Resin ń sún kì bí ó ṣe ń le. Bí apá kan bá di eyín mú ṣinṣin, tí apá kejì sì ní ẹ̀jẹ̀ lábẹ́, apá tó dọ̀tí ni yóò ya. Àlàfo náà ò ní hàn lójú, kíráùn náà ò sì ní mì, torí apá kejì ṣì dì í mú. Jíjò tó bà mí lẹ́rù jù nìyí, torí pé kíráùn kì í bọ́ kó lè tú àṣírí ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà níbẹ̀. Iná búlúù tí a fi ń mú resin le kò lè la irin kọjá, zirconia tó nípọn náà sì ń dín in kù. Èyí tó tún lè le fúnra rẹ̀ láìsí iná ni kí ẹ lò lábẹ́ wọn. Àtùpà tí bátírì rẹ̀ ti rẹ̀ torí pé kò síná láti àná ń tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n títàn lójú kì í ṣe agbára. Mo ti rí sìmẹ́ńtì tó ṣì rọ̀ létí kíráùn lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ ra ohun tí a fi ń wọn agbára iná, kí ẹ sì lò ó.

Resin tó ń dá lẹ̀ gbajúmọ̀ láti ọdún 2002, nígbà tí èyí tó ń jẹ́ RelyX Unicem dé. Kò nílò ásíìdì àti gọ́ọ̀mù lọ́tọ̀, ó sì ṣòro díẹ̀ láti ṣì í lò ju ti onípele lọ. Ìdìmú rẹ̀ lórí enamel kò tó ti onípele. Fún zirconia lórí kùkùté tó ga, ó dára. Fún kùkùté kúkúrú, tó dà bí orí òkè tó ti fẹ̀gbẹ́, onípele nìkan ló lè gbà wá, bí a bá rí ẹnu náà gbẹ. Bí a ò bá rí i gbẹ, kí a kọ́ kùkùté náà ga sí i, tàbí kí a gé erìgì sílẹ̀ díẹ̀, kí a tó ronú kan kíráùn rárá.

Inú kíráùn fúnra rẹ̀ ń jò pẹ̀lú bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Lithium disilicate, oríṣi tánganran mìíràn, ń gba hydrofluoric acid, lẹ́yìn náà silane, èròjà tó ń so tánganran mọ́ resin. Zirconia kì í gbọ́ ti ásíìdì yẹn; yanrìn alumina la ń fẹ́ sí i lára, a ó sì lo gọ́ọ̀mù tó ní MDP, èròjà tó ń di zirconia mú. Lẹ́yìn tí a bá ti dán zirconia wò lẹ́nu, itọ́ ti bà á jẹ́, ẹ má sì fi phosphoric acid fọ̀ ọ́, torí phosphate inú rẹ̀ ló máa gba àyè tí MDP fẹ́ dì mú.

Òórùn kànáfùrù

Kí kíráùn tó ti lábù dé, a máa ń fi onígbà díẹ̀ bo eyín. Òórùn kànáfùrù tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀ jẹ́ ti eugenol, ohun kan náà tó wà nínú kànáfùrù tí àwọn ìyá wa ń fi sí eyín tó ń dunni. Ó ń tu eyín lára, ó sì ń dí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ìyókù rẹ̀ lójú eyín kì í jẹ́ kí resin le dáadáa. Bó bá jẹ́ pé resin la máa lò níkẹyìn, èyí tí kò ní eugenol ni kí a fi lẹ onígbà díẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti pinnu sìmẹ́ńtì ìkẹyìn kí wọ́n tó gé eyín nìyẹn, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ tí kíráùn dé.

Bí mo ṣe ń yàn

Mo máa ń fi òwú yí eyín náà ká, mo máa ń fa itọ́, mo sì máa ń wo aago. Bí ó bá gbẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsí ẹ̀jẹ̀, gbogbo pẹpẹ ṣí sílẹ̀ fún mi: resin onípele fún tánganran tó jẹ́ ti iwájú ẹnu àti kùkùté kúkúrú, resin tó ń dá lẹ̀ tàbí glass ionomer oní-resin fún zirconia. Bí kò bá gbẹ, tí kùkùté sì ga, glass ionomer oní-resin, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí kò bá gbẹ, tí kùkùté sì kúrú, mi ò lẹ kíráùn lọ́jọ́ náà. Erìgì ni màá kọ́kọ́ wò sàn.

Eyín tí a fi ìṣó gbìn sínú eegun kò lè jẹrà, nítorí náà ọ̀rọ̀ jíjò yí padà lórí rẹ̀. Àjẹkù sìmẹ́ńtì tó sá sábẹ́ erìgì ni ewu ibẹ̀, ó lè mú kí eegun tó yí ìṣó náà ká máa run. Èyí tó ń hàn nínú X-ray tó sì rọrùn láti bó ni mo ń fẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń lẹ̀ bí eégbọn.

Ẹ̀yin tí kíráùn ti wà lẹ́nu yín, bí omi tútù bá ń ta eyín náà lójijì, bí okùn ìfọyín bá ń já létí rẹ̀, bí òórùn bá wà lára okùn náà níbi kan ṣoṣo, ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn. Èyí tí wọ́n ti ṣe rúùtù kánà rẹ̀ kò ní dùn rárá. X-ray ni kí ẹ lọ yà lóòrèkóòrè.

Ẹ sì béèrè orúkọ sìmẹ́ńtì náà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì yín, kí ẹ̀yin náà kọ ọ́ sínú fóònù. Ìyá tó gbé kíráùn wá nínú tíṣù ò mọ ohun tí wọ́n fi lẹ ti wọn, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan lọ́wọ́ wọn. Mo wo inú kíráùn náà lábẹ́ iná. Sìmẹ́ńtì ṣì wà ní apá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó le gan-an, ó di irin mú. Ní apá ahọ́n, níbi tí itọ́ ti ń pọ̀, ó nípọn ju ibi yòókù lọ, etí rẹ̀ sì ti jẹ wọlé bí etíkun. Kíráùn náà ò jókòó dé ìsàlẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́.